Ohùn Bàbá Àjàyí Lábẹ́ Orin Ìdúpẹ́

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá bá mi ní Ore níbí rò pé iṣẹ́ fídíò kò ju kí ènìyàn gbé fóònù sókè kí ó tẹ bọ́tìnnì. Bí wọ́n bá bi mí bóyá iṣẹ́ tó ṣeé kọ́ ni, n kì í dá wọn lóhùn kíá. Ẹ jókòó ná. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe é. Màá sọ èyí tó dùn fún yín, màá sì sọ èyí tí n kò tíì rí àlàyé rẹ̀ títí di òní. Ẹni tó bá gbọ́ méjèèjì tó ṣì fẹ́ kọ́ ọ, kó máa bọ̀.

Tèmítáyọ̀ ni orúkọ mi. Odigbo ni wọ́n bí mi sí, oko kòkó bàbá mi ni mo dàgbà sí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ondo ṣì jẹ́ tuntun, owó epo ń ṣàn, ọ̀nà ńlá tó ti Èkó lọ sí Benin ti gba àárín Ore kọjá, kò sì sí wákàtí tí ọkọ̀ kì í hó níbẹ̀. Àwọn tó rówó ń ra tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì ń fẹ́ rí ara wọn nínú rẹ̀. Ọ̀gá Bánkọ́lé, tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan tẹ́lẹ̀, wá ṣí ṣọ́ọ̀bù fídíò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Mo wọlé lọ bá a. Ó ní kí n na ọwọ́ mi méjèèjì síwájú, ó wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Wọn ò gbọ̀n. Wá ní Monday." Bí mo ṣe ríṣẹ́ nìyẹn. Owó rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n kì í yẹ̀.

Kámẹ́rà ìgbà náà kì í ṣe irú èyí tí ẹ mọ̀. Kámẹ́rà wà lọ́tọ̀, ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán àti ohùn sórí téèpù wà lọ́tọ̀. A ó gbé ọ̀kan lé èjìká ọ̀tún, a ó fi èkejì kọ́ èjìká òsì, wáyà kan tó nípọn bí ìka ni ó sì so wọ́n pọ̀. Bí o bá gbé e fún wákàtí kan, wàá mọ iye egungun tí Ọlọ́run tò sí ọ lẹ́yìn.

Oṣù mẹ́rin gbáko ni ọ̀gá kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ó gé ihò onígun mẹ́rin sí àárín páálí kan, ó ní ìyẹn ni kámẹ́rà mi. Láàárọ̀, màá gbé páálí sójú, màá máa wo àwọn èrò tó ń sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì.

"Kí lo rí?"

"Ọ̀gá, mo rí obìnrin kan tó ń ra búrẹ́dì."

"Níbo ni ìmọ́lẹ̀ ti kàn án?"

N kò mọ̀. Ó ní kí n padà lọ wò ó. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo tó mọ̀ pé bí oòrùn bá dúró sí àtàrí, ojú ènìyàn a di ihò dúdú méjì, ṣùgbọ́n bí o bá mú un wá sábẹ́ igi, ojú náà á padà wá sáyé. Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́sàn-án, ó máa ń bu omi kún abọ́ dé etí, á ní kí n gbé e lọ́wọ́, kí n rìn láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù dé ìdí igi máńgòrò, kí n sì padà. Bí ẹ̀kán kan bá ta sílẹ̀, á ní kí n tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn awakọ̀ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní mo ti ya wèrè, pé irú iṣẹ́ wo ni ọmọbìnrin ń fi abọ́ omi kọ́. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Nígbà tí mo wá gbé kámẹ́rà lé èjìká, mo ń tẹ orúnkún díẹ̀, mo ń fi gìgísẹ̀ kọ́kọ́ kan ilẹ̀, àwòrán mi kò sì mì.

Ó tún kọ́ mi pé kí n tọ́ka kámẹ́rà sí aṣọ funfun kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí àwọ̀ ènìyàn má baà pọ́n bí epo. Ó ní kí n ya ohun gbogbo lẹ́ẹ̀mẹta: láti òkèèrè kí a lè mọ ibi tí a wà, láti àárín kí a lè mọ ẹni tó wà níbẹ̀, àti láti ìtòsí kí a lè mọ ohun tó ń ṣe é. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ fẹ́ràn láti máa fa àwòrán súnmọ́, kí wọ́n tún tì í sẹ́yìn. Ọjọ́ tí mo ṣe é, ọ̀gá fi ìka kan èjìká mi, ó ní, "Ṣé ojú tìrẹ máa ń sáré lọ sáré bọ̀ báyẹn? Bí o bá fẹ́ súnmọ́ ènìyàn, fẹsẹ̀ rìn lọ bá a."

Òfin méjì wà tó le ju gbogbo rẹ̀ lọ. Èkíní: bí téèpù bá ti jáde nínú ẹ̀rọ, kọ orúkọ sí i lára, kí o sì ṣẹ́ ahọ́n kékeré tó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè gba nǹkan mìíràn lé e lórí mọ́. Èkejì: dé ìgbọ́hùn sí etí rẹ, kí o máa gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ ń gbọ́. Ìgbọ́hùn yìí wúwo, ó ń mú etí gbóná, ó sì máa ń ba irun mi jẹ́. Bí ọ̀gá kò bá sí nítòsí, mo máa ń fi kọ́ ọrùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Òfin méjèèjì yìí ni mo rú lọ́sẹ̀ kan náà.

Ọ̀gá lọ sí Àkúrẹ́ fún iṣẹ́ ìjọba ọlọ́jọ́ márùn-ún, ó sì fi ẹ̀rọ kékeré sílẹ̀ fún mi. Ọjọ́ Ẹtì ni awakọ̀ kan tó ń kó kòkó wá jíṣẹ́ Bàbá Àjàyí. Bàbá yìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Ìhà Ìgbómìnà ló ti wá, ó gba ilẹ̀ oko dá lẹ́yìn Odigbo láti ìgbà èwe rẹ̀, ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ iṣẹ́. Ó ní kí a wá ya òun níbi tí òun ti ń bá àwọn ọmọ òun sọ̀rọ̀, pé ọ̀rọ̀ kan wà tí òun kò fẹ́ gbé lọ.

Inú mi dùn. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí èmi nìkan máa dá ṣe nìyẹn. Mo bá awakọ̀ náà lọ.

Mo bá bàbá níwájú ilé, lórí bẹ́ǹṣì gígùn lábẹ́ kòkó. Ìmọ́lẹ̀ ń yọ́ wọlé láàárín ewé, ó dára ju ohunkóhun tí mo ti rí nínú páálí mi lọ. Ṣùgbọ́n igun kan bẹ́ǹṣì ni bàbá jókòó sí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sí àárín."

"Rárá, ọmọ mi. Ibí ni tèmi."

"Àwòrán kò ní gún, bàbá. Òfìfo ni apá kejì."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ta ló sọ fún ọ pé òfìfo ni?"

Mo rò pé àwàdà àgbà ni. Mo yí kámẹ́rà díẹ̀, mo gé apá kejì bẹ́ǹṣì náà kúrò, mo sì bẹ̀rẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú ni bàbá fi sọ̀rọ̀. Mò ń wo àgbọ̀n rẹ̀, mò ń wo bí ojú rẹ̀ ṣe jinlẹ̀, mò ń wo òjìji ewé lára agbádá rẹ̀. Mo rí i pé ó ń yíjú sí ẹ̀gbẹ́ léraléra, ó ń dákẹ́, ó ń mi orí, bí ẹni tí wọ́n ń rán létí. Ohun kan ṣoṣo tó ká mi lára ni pé yíyíjú rẹ̀ ń ba àwòrán mi jẹ́. Ìgbọ́hùn wà lọ́rùn mi. N kò gbọ́ gbólóhùn kan já sí ìtumọ̀.

Nígbà tó parí, ó dúpẹ́, ó ní ara òun fúyẹ́. Mo ju téèpù sínú àpò. N kò kọ orúkọ sí i. N kò ṣẹ́ ahọ́n rẹ̀. Awakọ̀ ti ń fun fèrè.

Lọ́jọ́ Àìkú, ilé àdúrà kan ní Odigbo pè mí fún ìsìn ìdúpẹ́. Mo kó téèpù tuntun méjì dání, àbí ohun tí mo rò nìyẹn. Mo ya àwọn aláṣọ funfun, mo ya orin, mo ya ìdákẹ́jẹ́ àdúrà, ó sì dára púpọ̀. Ìyá ìjọ súre fún mi.

Ní ọjọ́ Ajé, awakọ̀ kòkó yà sí ṣọ́ọ̀bù, ó bọ́ fìlà. "Bàbá Àjàyí ti lọ o. Lórí bẹ́ǹṣì yẹn náà ni."

Mo wá téèpù rẹ̀ nínú àpò. Téèpù tuntun kan ni mo bá, ọ̀rá tí wọ́n fi dì í ṣì wà lára rẹ̀. Á jẹ́ pé téèpù bàbá ni mo fi gba ìsìn náà. Mo ki téèpù ìsìn ìdúpẹ́ bọ ẹ̀rọ, mo dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀: aṣọ funfun. Mo sáré dé òpin: aṣọ funfun. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú ilé tó ti jó.

Bí ọ̀gá ṣe wọlé láti Àkúrẹ́ ni mo kúnlẹ̀. Mo ti múra sílẹ̀ fún igbe. Kò pariwo.

"Kí ni bàbá náà sọ?"

"N kò mọ̀, ọ̀gá."

"O wà níwájú rẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú."

"Àwòrán ni mò ń wò, sà."

Ó jókòó sórí àpótí. "Nígbà náà, o ò sí níbẹ̀," ló wí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ẹgba lọ.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin kan wọlé, ó so gèlè dúdú. Ọmọ Bàbá Àjàyí ni, Àǹtí Ìdòwú, láti Ìbàdàn ló ti wá. Kò jókòó.

"Wọ́n ní bàbá mi bá yín sọ̀rọ̀ kó tó kú. Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi ni mò ń wá."

Ó ṣàlàyé. Ìyá rẹ̀ kú nínú abà àtijọ́ nígbà tí òun kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Àwọn ará abà náà ṣí kúrò, ilé wó, igbó sì gba gbogbo rẹ̀. Bàbá nìkan ló mọ ojú oórì náà, ó sì ti ṣèlérí fún ìyàwó rẹ̀ pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni òun máa sùn sí. "Àwọn ẹbí ní àwọn máa gbé òkú bàbá lọ sílé ní Ìgbómìnà ní ọ̀túnla. Bí mo bá rí ojú oórì màmá kó tó dìgbà náà, wọn á gbà kí a sin ín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí n kò bá rí i, màmá á dá wà nínú igbó yẹn títí láé."

Mo jẹ́wọ́. N kò fi ohunkóhun pamọ́. Àǹtí Ìdòwú ní, "Ẹ jẹ́ kí n wò ó."

Ọ̀gá ní, "Kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́, ìyá mi. Orin ìjọ ni."

"Ẹ jẹ́ kí n wo orin ìjọ náà."

A tan tẹlifíṣọ̀n. Orin ń lọ, àtẹ́wọ́ ń lọ. Nígbà tó dé ibi ìdákẹ́jẹ́ àdúrà, tí gbogbo wọn tẹrí ba, a gbọ́ ohùn ọkùnrin kan, ó jìnnà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ kànga. Àǹtí Ìdòwú di etí tábìlì mú.

"Bàbá mi nìyẹn."

Ìta mọ́lẹ̀ kedere, àwọn ọkọ̀ ń kọjá, síbẹ̀ gbogbo irun ara mi dìde. Ọ̀gá súnmọ́ ẹ̀rọ. Ó ní orí tó ń pa ohùn àtijọ́ rẹ́ nínú ẹ̀rọ ló ti dọ̀tí, tí kò fi pa á rẹ́ tán. Ó ti yẹ kí òun fọ̀ ọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Àlàyé rẹ̀ nìyẹn, mo sì gbà á. Ó dé ìgbọ́hùn sí mi létí, ó fún mi ní bírò.

"O ò gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Gbọ́ ọ báyìí."

Láti ìgbà náà títí aago méjì ni mo fi ń dá téèpù padà síwá sẹ́yìn. Bí orin bá sọ, ohùn bàbá a rì. Bí wọ́n bá mí, a léfòó. Mo ń kọ ọ́ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Igi obì méjì tó kọjú síra. Kọ ẹ̀yìn sí odò. Ka ogójì ìṣísẹ̀ dé ìdí àràbà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Lápá ọ̀tún àràbà náà ni mo tẹ́ Àbẹ̀ní ìyá yín sí." Ó dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà gùn. Mo gbọ́ ọ tó ní, "Kí lo wí?" Ó tún dákẹ́. Ó wá rẹ́rìn-ín. "Ó ní òsì ni. Ó dára, òsì ni. Ìwọ lo ń gbé ibẹ̀."

Ìjọ sì dáhùn pé, "Àmín."

Mo bọ́ ìgbọ́hùn kúrò létí. Mo kà á fún Àǹtí Ìdòwú bó ṣe wà. Kò bi mí ta ni bàbá ń bá sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó bi mí.

Ọ̀sán yẹn náà la wọ igbó, ọ̀gá, Àǹtí Ìdòwú, àwọn àgbẹ̀ méjì tó mú àdá àti ọkọ́, àti èmi tí mo gbé ẹ̀rọ. A rí igi obì méjèèjì. A ka ogójì ìṣísẹ̀, àràbà wà níbẹ̀. Lápá ọ̀tún rẹ̀, òkúta tò yípo ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹnikẹ́ni tó bá rí i á ní ojú oórì ni. Lápá òsì, koríko lásán ni. Àwọn ọkùnrin ti kọjú sí ọ̀tún.

"Òsì," Àǹtí Ìdòwú wí.

"Ìyá, ẹ wo òkúta."

"Mo ní òsì."

Wọ́n gbẹ́ ẹ. Ẹyẹ kan kò ké. Nígbà tó jìn dé orúnkún, ọkọ́ kan ohun kan tó dún bí irin. Abọ́ tánganran ni, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, òdòdó aláwọ̀ ewé ṣì wà létí rẹ̀. Àǹtí Ìdòwú gbà á, ó fi ìdí aṣọ nù ún. "Èyí ni màmá fi máa ń bu gààrí fún wa," ló wí, ó sì jókòó sórí erùpẹ̀ bí ọmọ ọdún mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ wá rántí pé kànga àtijọ́ tí wọ́n dí pa ni ti apá ọ̀tún.

Mo ya gbogbo rẹ̀, ìgbọ́hùn sì wà létí mi. Bí Àǹtí Ìdòwú ṣe jókòó, mo gbọ́ tí ẹnìkan mí kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi. Kò sí ẹnìkan nítòsí. Ó wà lórí téèpù. Nígbà tí ọ̀gá gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní atẹ́gùn ni. N kò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n nínú àwòrán náà, ewé kan kò mì.

Wọ́n sin Bàbá Àjàyí sí ẹ̀gbẹ́ ìyàwó rẹ̀ ní ọ̀túnla yẹn. Lójú oórì níbẹ̀ ni mo ti kọ orúkọ sí téèpù ìsìnkú náà, tí mo sì ṣẹ́ ahọ́n rẹ̀. Mo tún kúnlẹ̀ bẹ Àǹtí Ìdòwú. Ó gbé mi dìde, ó ní, "N kò tíì lè dárí jì ọ́ lónìí. Fún mi láyè." Ó tó Kérésìmesì ọdún kejì kó tó yà sí ṣọ́ọ̀bù, ó gbé iṣu wá, ó jókòó, a jọ jẹun. Ìdáríjì tó pẹ́ kó tó dé máa ń fìdí múlẹ̀.

Ìyókù iṣẹ́ mi, ẹ lè fojú inú wò ó. Owó epo fà sẹ́yìn, àwọn ènìyàn ń ta tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n fi ìdùnnú rà, a sì ń ṣe ìsìnkú ju ìgbéyàwó lọ. Kámẹ́rà àti ẹ̀rọ téèpù di ọ̀kan ṣoṣo, èjìká òsì mi sinmi. Téèpù kéré títí tó fi parẹ́, káàdì tó tó èékánná wọlé, kò sì sí ahọ́n tí a máa ṣẹ́ lára rẹ̀. Ọ̀gá Bánkọ́lé fi ṣọ́ọ̀bù lé mi lọ́wọ́, ó sì kú ní àlàáfíà. Mo kọ́ obìnrin mọ́kànlá níṣẹ́. Gbogbo wọn ló gbé abọ́ omi.

Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn kò pọ̀. Ẹ̀rọ tó wọ́n kò sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀gá. Wá ìmọ́lẹ̀ kó o tó wá ojú. Dúró jẹ́ẹ́. Má fi ìkánjú gé ọ̀rọ̀ àgbà. Ẹni tí o ń yà ti fún ọ ní ohun tí kò lè fún ọ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo ṣe kẹ́yìn, Agbabu ni, níbi tí ilẹ̀ ti ń sun ọ̀dà dúdú bí igi tí wọ́n ṣá. Àwọn ọmọ-ọmọ màmá àgbà kan ló rán mi sí i kí n gba ìtàn ìdílé wọn sílẹ̀. Èmi nìkan ni mo gun ọ̀kadà dé ibẹ̀, ọlọ́kadà sì ti padà sí Ore. Láti àárọ̀ títí oòrùn fi kanrí ni màmá fi sọ ìtàn, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, kò ṣi orúkọ kan pè. Nígbà tí mo parí, ó wọlé, ó gbé omi jáde nínú ife méjì, ó gbé ọ̀kan síwájú mi, ó gbé èkejì sí ẹ̀gbẹ́ mi lọ́hùn-ún.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ mumi."

Mo wo ife kejì, mo rántí ẹni tó mí kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà nínú igbó. Mo wo ojú màmá, kò sí àwàdà níbẹ̀. Mo gbé tèmi, mo mu ún tán.

"A dúpẹ́, màmá," ni mo wí.